Ìlẹ̀kùn Kọkànlélógójì

Òjò àkọ́rọ̀ ti ń ṣú bọ̀ lórí òkè, búlọ́ọ̀kù amọ̀ ẹgbẹ̀rin tí Nokwakha fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ sì wà ní gbangba láìsí ìbòrí. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, inú ilé ìdáná Ndyebo, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló ń sùn, láàárín àpò àgbàdo àti adìyẹ tó ń sàba. Baálẹ̀ ti ṣèlérí ilẹ̀ kan fún un létí odò. Ó ku kí akọ̀wé ka ìlẹ̀kùn abúlé, kí wọ́n mọ̀ dájú pé ilẹ̀ náà kò ní onílé.

Akọ̀wé Mthobeli kà á, ó pé mọ́kànlélógójì. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti aláǹtakùn tó gbẹ́ ihò sí ilẹ̀ etí odò náà gan-an.

"Ìlẹ̀kùn ni, Baálẹ̀," ni ó wí níwájú àwọn àgbà. "Kò fẹ̀ ju ìdérí ìgò lọ, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣí, ó ṣeé tì. Mo fi igi koríko gbé e sókè, ẹni tó wà nínú sì fà á padà."

"Ó fà á mọ́ ọ lọ́wọ́?"

"Ó lágbára jù mí lọ, Bàbá."

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ Dumalisile kò rẹ́rìn-ín. Ní ọdún méje sẹ́yìn ó ti fi ilẹ̀ kan náà fún ẹni méjì, wọ́n sì fi kùmọ̀ fọ́ ara wọn lórí. Láti ìgbà náà ló ti búra pẹ̀lú Bíbélì pé òun kò ní fi ilẹ̀ tí ìlẹ̀kùn wà lórí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́, àfi bí onílé bá fi ọwọ́ méjèèjì gba ẹ̀bùn àlejò lójú ẹlẹ́rìí.

"Èmi kò sọ pé ìlẹ̀kùn ènìyàn," ni ó wí. "Ìlẹ̀kùn ni mo sọ."

"Ẹ jẹ́ kí n fi ọkọ́ wú u dànù," ni Ndyebo wí. Ó ń fẹ́ ilé ìdáná rẹ̀ padà.

"Má dán an wò," ni Nokwakha dá a lóhùn. "Èmi tí mò ń wá ilé, ṣé kí n wá tú ilé ẹlòmíì ká?"

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo àgbà lọ sí etí odò. Wọ́n dúró lókèèrè bí àlejò tó mọ ìwà, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n kí onílé. Wọ́n gbé igbá ọtí ọkà bàbà sílẹ̀, lẹ́yìn náà tábà. Ìlẹ̀kùn kò mira.

"Ọdún tí mo ra kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mi àkọ́kọ́ ló ti ń gbé ibẹ̀," ni àgbàlagbà kan wí.

"Ó dàgbà ju akọ̀wé lọ nìyẹn," ni Baálẹ̀ wí. "Mthobeli, jókòó dáadáa. Iwájú àgbà lo wà."

Nígbà tí oòrùn mú, wọ́n lọ jẹun. Nokwakha nìkan ló kù, ó ń fi orin ìyìn tu ara rẹ̀ nínú. Ọlọ́run tó fi ilé fún ológoṣẹ́ kò lè gbàgbé opó. Ní ìrọ̀lẹ́, ó rí i tí ìlẹ̀kùn náà gbéra díẹ̀, bí ìpéǹpéjú ẹni tó ń jí. Ìrẹ̀ kan ń kọjá. Ẹsẹ̀ dúdú méjì nà sí i, wọn kò bá a.

Nokwakha gbá orí mú. Ọtí ni wọ́n gbé fún ẹni tí ebi ń pa. Ó sáré lọ pe àwọn àgbà, wọ́n dé pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu. Ó kúnlẹ̀, ó gbé ìrẹ̀ kan síwájú ìlẹ̀kùn. Ìlẹ̀kùn ṣí, ìrẹ̀ wọlé, ìlẹ̀kùn tì.

"Ọwọ́ mélòó ló fi gbà á?" ni Baálẹ̀ bèèrè.

Mthobeli, tó ti dọ̀bálẹ̀ kó lè rí i kà, gbé orí sókè. "Mẹ́rin, Baálẹ̀."

"Mẹ́rin. Ndyebo, ìwọ tí o ń fi ọwọ́ kan gba oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ, ṣé o gbọ́?" Ó yíjú sí Nokwakha. "Ó gbà kí o wá bá òun gbé. Kò sọ pé òun ń kó lọ. Sún ògiri rẹ sí apá òkè ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta, kó má bàa bo ìlẹ̀kùn rẹ̀."

Gbogbo ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ jáde wá mọlé fún un. Ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n kan òrùlé tán, òjò dé. Nokwakha fẹ́ lọ kìlọ̀ fún aládùúgbò rẹ̀, ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí i pé onítọ̀hún ti tìlẹ̀kùn tipẹ́. Òun náà sì ti tirẹ̀.