Adágún Ìṣáwùrú Rúùtù

"Rhoda, fi maikirosikóòpù yẹn sílẹ̀ ná! Ṣé o rí oògùn àrùn yìí àbí o ò rí i?"

Rúùtù wà nínú adágún, omi mù ún dé orúnkún, ó ń fi agbọ̀n kó òkú ìṣáwùrú. Òórùn wọn ti gba gbogbo ẹ̀yìn ìlú Rore kan. Òun àti olóògbé ọkọ rẹ̀ ló gbẹ́ adágún yìí. Adágún náà ló fi ń tọ́ Rhoda ọmọ rẹ̀ ní yunifásítì l'Ómù-Àrán.

"Mo ti rí ohun tó ń pa wọ́n, Màmá," ni Rhoda dáhùn létí omi. "Ẹ̀dá kékeré kan ni, gbogbo ara rẹ̀ ò ju hóró sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lọ. Ibi tó ti ṣẹ̀ wá ló yà mí lẹ́nu. Àwọn baba ńlá rẹ̀ ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ bíi ewé. Nígbà tó yá, wọ́n kó sára ẹ̀dá mìíràn, wọ́n ń jẹ ẹ́ láti inú."

"N ò bi ọ́ níbi tó ti wá! Bí yóò ṣe lọ ni mo ń bi ọ́!"

"Kò tíì sí oògùn, Màmá."

Rúùtù ju agbọ̀n nù. Ó fa ọkọ́ yọ, ó kọjú sí ibi tí omi ń gbà jáde, tí wọ́n fi amọ̀ dí. Tó bá ṣí i, omi àrùn á ṣàn lọ, omi tuntun á wọlé. Bóyá ìwọ̀nba tó kù á yè.

"Màmá, ẹ dákun! Inú adágún Àǹtí Hàjàrá nísàlẹ̀ ló máa ṣàn lọ."

"Ṣé Hàjàrá ni yóò máa bọ́ wa ni?"

Ó gbé ọkọ́ sókè. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, Hàjàrá nàró nínú omi tirẹ̀, ó juwọ́ sí i. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Rhoda! Ṣé ẹ ti fẹnu kan nǹkan lónìí?"

Rúùtù sọ ọkọ́ kalẹ̀. Ó bu amọ̀, ó tún fi kún ibi tí wọ́n dí, ó ń sunkún bó ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Kí la ó wá ṣe?"

"Ká jẹ́ kí gbogbo adágún yìí gbẹ kí àrùn náà lè kú, Màmá."

"Ibi tó ti wá tí ò ń sọ yẹn, ó wúlò bí?"

"Ìyókù ohun tó jọ ewé ṣì wà nínú rẹ̀. Kò lè fi ṣe oúnjẹ mọ́, ṣùgbọ́n ó jọ pé kò lè wà láìsí i. Bóyá ibẹ̀ ni oògùn á ti mú un lọ́jọ́ kan. Àmọ́ àwọn ìṣáwùrú tó ṣì wà láàyè ni mo nílò láti fi wá a."

Rúùtù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ṣa àwọn tó tóbi jù, àwọn tó ti fọkàn sí pé òun á fi tún bẹ̀rẹ̀, ó kó gbogbo wọn sínú abọ́ Rhoda. Lẹ́yìn náà ó gòkè, ó nu ojú.

"Hàjàrá! Jáde nínú omi. Mò ń bọ̀ wá bá ọ, àrùn ti wọ ọ̀dọ̀ mi."