Òòfà Tí Mo Fọ̀

Èmi ni mo ń fọ ìgò ní láàbù yunifásítì kan, níbi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí oògùn, mi ò sì gba ìdọ̀tí láyè. Ìyá Onígò ni gbogbo wọn ń pè mí, mo sì ń fi ìgbéraga jẹ́ ẹ, torí bí mi ò bá fọ̀, kò sí ọ̀mọ̀wé tó máa rí ìgò fi ṣèwádìí.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí mo sọ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ọdún mẹ́ta ló fi ń wá bí irin lásán ṣe lè mú kí èròjà méjì so pọ̀ di oògùn, dípò paládíọ́mù tí gbogbo ayé ń lò, ìyẹn irin mìíràn tó wọ́n bí ojú. Nígbà tó yá, ó ṣẹ. Ó dán an wò lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó ṣẹ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ní Ọjọ́bọ̀ ló máa rò ó fún àwọn àgbà ọ̀mọ̀wé, kí wọ́n lè fún un ní oyè dókítà.

Ṣùgbọ́n òòfà rẹ̀ ń bí mi nínú. Òòfà kékeré bí ẹ̀wà ni, inú ìgò ló máa ń wà, táá máa yí bírí láti ro oògùn. Funfun ló yẹ kó jẹ́, àmọ́ ara tirẹ̀ ti họ, dúdú sì ti wọnú ibi tó họ. Kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ní ọjọ́ Ajé, bó ṣe jáde lọ jẹun báyìí, mo rẹ ẹ́ sínú ásíìdì líle. Ó jáde funfun bí eyín ọmọdé, inú mi dùn ṣìnkìn.

Lọ́jọ́ kejì, oògùn kọ̀, kò so pọ̀. Ó pààrọ̀ ìgò, ó pààrọ̀ irin, pàbó ló já sí. Kò tiẹ̀ wo òòfà lẹ́ẹ̀mejì. Ta ló máa ń fura sí ohun tí a fi ń ro nǹkan? Láàárọ̀ Ọjọ́rú, mo bá a tó ń sunkún nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo rántí òòfà tí mo fọ̀, mo bá jókòó tì í.

"Ọmọ mi, má bínú," mo ní. "Èmi ni mo fọ òòfà rẹ."

Mo rò pé ó máa jágbe mọ́ mi. Ó kàn nu ojú, ó bi mí pé ta ló lò ó ṣáájú òun. Mo ní Onírùngbọ̀n ni, ọ̀mọ̀wé tó ti lọ síbòmíì, tó jẹ́ pé paládíọ́mù ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Òòfà rẹ̀ dúdú kan tí mi ò fọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi, tí mo fi ń dẹ́rù ba àwọn ọ̀bùn. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbà á, ó jù ú sínú ìgò pẹ̀lú èròjà méjèèjì, kò fi irin sí i rárá. Kó tó di ọ̀sán, èròjà ti so pọ̀.

Àṣé irin kàn jókòó tẹtẹrẹ ni, paládíọ́mù bíńtín tó sá pamọ́ sára òòfà ló ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rẹ́rìn-ín títí omijé fi tún bọ́. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Ṣùgbọ́n oyè ńkọ́?

Ní Ọjọ́bọ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rù ń bà mí. Àgbà onírun funfun kan béèrè pé ta ló tú àṣírí náà.

Ó nawọ́ sí mi. "Ìyá wa ni. Bí wọn ò bá fọ̀ ọ́ ni, irọ́ ni ǹ bá pa fún yín lónìí."

Wọ́n fún un ní oyè náà. Wọ́n ní ẹni tó lè tú àṣírí iṣẹ́ ara rẹ̀ ti kúrò lọ́mọ ilé ìwé.

Nígbà tí mo dé ìdí iṣẹ́ mi lọ́jọ́ kejì, òòfà dúdú kún abọ́ kan fọ́fọ́, tí wọ́n kó wá láti gbogbo yàrá kí n lè fọ̀ wọ́n. Ti àgbà onírun funfun ló wà lókè pátápátá. Mo wọ ìbọ̀wọ́ mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti orí tirẹ̀.