Nítorí Kí Àkàbà Má Bàa Lọ

Òkè ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ni ọ́fíìsì Alága wà. Ooru ààrò máa ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé síbẹ̀, débi pé ẹni tó bá jókòó pẹ́ níwájú rẹ̀ á máa làágùn bí ẹni tó jẹ̀bi. Owó búrẹ́dì yìí ni Alága fi ń bọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù alájùságbọ̀n rẹ̀ láti ọdún pípẹ́ wá. Òun ló ń san owó oṣù gbogbo wọn, títí kan ti Kóòṣì, ọkùnrin tó ti fi èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá tó ń fọn fèrè.

"Ẹ jókòó, Kóòṣì," ni Alága wí. "Àkàbà fẹ́ máa lọ."

"Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀, sà."

Ta ni kò gbọ́? Àkàbà ni wọ́n ń pe ọ̀dọ́kùnrin náà nítorí gíga rẹ̀. Ìgbà tó kọ́kọ́ dé, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń kọ ọ́ lẹ́sẹ̀, Kóòṣì ló sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fò, bí wọ́n ṣe ń balẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń fi ìka darí bọ́ọ̀lù wọnú agbọ̀n bí ẹni gbé ẹyin sínú ìtẹ́. Ní báyìí, nítorí tirẹ̀ ni èrò ṣe ń kún gbọ̀ngàn. Àdéhùn rẹ̀ ti wá parí, ó lómìnira láti lọ síbi tó bá wù ú, ẹgbẹ́ ńlá tó wà ní òdìkejì ìlú sì ti ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Kò ní lọ," ni Alága wí. "Iye tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ fún un, màá san án, màá sì fi nǹkan lé e."

Kóòṣì nu ojú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Èmi ni mo kọ́ ọmọ yìí, kò sẹ́ni tó mọ rírì rẹ̀ tó mi. Ṣùgbọ́n kò tó bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo àwa tí a jọ ń gbá a. Ìyókù ńkọ́?"

"Ẹ wá ní ká jẹ́ kó lọ?"

"Rárá o! Tó bá lọ, ta ni wọ́n máa wá wò?"

"Ó dáa," ni Alága wí, ó fọwọ́ lẹ́rán. "Ká má san án, ká má sì jẹ́ kó lọ. Ẹ wá sọ ọ̀nà kẹta fún mi."

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ eṣinṣin tó bà lé ni lépọ̀n, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la ń lé e. Pẹ̀lẹ́ ọ̀hún gan-an ni Kóòṣì kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Àkàbà ti tọwọ́ bọ ìwé.

Owó kò sì ń já bọ́ láti ojú sánmà. Wọ́n ní kí àwọn méjì tó máa ń gbapò ẹni tó bá rẹ̀ lórí pápá máa lọ sílé. Àfikún owó oṣù tí wọ́n ti ṣèlérí fún balógun ẹgbẹ́ láti èṣí, wọ́n ní kó ṣì fọwọ́ mú sùúrù. Balógun yìí kì í ṣe ará ìta sí Kóòṣì. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni, inú yàrá kan ṣoṣo lòun àti ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ méjì ń gbé, lórí àfikún yẹn ni wọ́n sì gbé ọkàn ilé tuntun lé.

Kóòṣì ní òun fúnra òun lòun máa sọ fún un. Ó pè é wá sílé. Ìyàwó Kóòṣì, tó ń ránṣọ, wà nídìí máṣíìnì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Nígbà tọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì.

Balógun gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, n ò bínú."

"O lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú."

"N ò bínú, ẹ̀gbọ́n. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ẹni tó fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ gan-an ló jù ú sínú agbọ̀n. Ẹ̀kọ́ yẹn, ṣé ọ́fíìsì Alága mọ̀ nípa ẹ̀?"

Lẹ́yìn tí Balógun lọ, ìyàwó Kóòṣì ní, "Àbúrò mi nìyẹn. Ọmọ yín sì ni Àkàbà. Èwo lẹ wá ń ṣe fún nínú wọn?"

"Bóyá ni mò ń ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni," ló fèsì.

Ìyàwó rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ padà sórí máṣíìnì.

Nígbà tí ìdíje bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó jà, kò sẹ́ni tó bú ẹnikẹ́ni. Ká ní wọ́n jà ni, Kóòṣì ì bá mọ ohun tó máa ṣe, torí ó ti parí ìjà tó pọ̀ láyé rẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kéré ju ìjà lọ. Tí Àkàbà bá ti sá dé abẹ́ agbọ̀n tó nawọ́ sókè, bọ́ọ̀lù á dé, ṣùgbọ́n á pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú akàn. Ìwọ̀n ìṣẹ́jú akàn yẹn ló tó fún alátakò láti dé ẹ̀yìn rẹ̀. Kóòṣì á fọn fèrè, á ní, "Ẹ tètè fún un!" Wọ́n á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Kóòṣì." Wọ́n á sì tètè fún un, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, kó tó tún di bí ti àná. Ta ló fẹ́ mú? Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló fẹ́ kà sí wọn lọ́rùn? Bóyá àwọn gan-an kò mọ̀ pé àwọn ń ṣe é.

Nínú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, ẹ̀rín á gbalẹ̀, títí di ìgbà tí Àkàbà bá tẹrí ba kó lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ẹnìkan á ní, "Ẹ rọra sọ̀rọ̀, báńkì ti dé." Wọ́n á tún rẹ́rìn-ín, Àkàbà náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, á sì jókòó sí kọ̀rọ̀ tirẹ̀, á máa tú okùn bàtà tí kò ta kókó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wá bá Kóòṣì níbi tó ti ń kó àwọn bọ́ọ̀lù sínú àpò.

"Bàámi," ló wí, bó ṣe máa ń pè é nìyẹn láti ìgbà tó ti dé, "ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

"Kí ni mo fẹ́ ní o ṣe?"

"Èmi náà ò mọ̀. Mo lọ bá Alága. Mo ní kó yọ díẹ̀ nínú tèmi, kó fi lé ti Balógun."

Kóòṣì dúró. "Kí ló wí?"

"Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé mo fẹ́ káyé máa sọ pé òun ò lè san gbèsè ẹnu òun ni. Mo wá lọ bá Balógun pé kí n máa fún un lọ́wọ́ láti àpò mi. Ó ní òun kì í ṣe alágbe." Omi ti lé ròrò sójú ọmọ gíga náà. "Bàámi, tí mo bá kọ owó yẹn nígbà yẹn, ta ló máa san owó ìtọ́jú ìyá mi? Ṣé ẹ̀yin ì bá kọ̀ ọ́?"

"N ò ní kọ̀ ọ́," ni Kóòṣì wí.

Ó kó bọ́ọ̀lù tó kù. Àkàbà bá a gbé àpò náà dé ẹnu ọ̀nà.

Wọn kò jáwé olúborí, wọn kò sì gbẹ́yìn. Àárín ni wọ́n parí sí, níbi tí kò ti sẹ́ni tó máa yọ̀, tí kò sì sẹ́ni tó máa sunkún. Ẹgbẹ́ ńlá ọjọ́sí ló gba ife. Owó tí wọn kò rí Àkàbà fi rà, wọ́n ti fi kó ẹni mẹ́ta jọ, àwọn tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ wọn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àdéhùn Balógun náà sì parí, wọ́n ránṣẹ́ sí i.

Lọ́tẹ̀ yìí, Kóòṣì kò dúró kí wọ́n pe òun. Ó gun àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́ búrẹ́dì lọ fúnra rẹ̀.

"Alága, ẹ má jẹ́ kí Balógun lọ. Ohun tí wọ́n fẹ́ fún un kò pọ̀. Òun ló so gbogbo wa pọ̀."

"Mo mọ̀," ni Alága wí. Ojú rẹ̀ ti rẹ̀, ó ti rù ju ti èṣí lọ. "Kóòṣì, iyẹ̀fun ti wọ́n. Mo ti dá iná ààrò kan dúró. Ibo lẹ fẹ́ kí n ti rí i? Ṣé kí n gbà á padà lọ́wọ́ Àkàbà? A ti fọwọ́ sí i." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ bá mi wá ọ̀nà kan, màá tẹ̀ lé e. Mo bẹ̀ yín."

Kóòṣì kò mọ̀ pé òun lè káàánú ọkùnrin yìí. Ó jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀, àwọn méjèèjì ń làágùn, kó tó dìde.

Ọjọ́ tí Balógun ń kó lọ sí òdìkejì ìlú, ìyàwó Kóòṣì ló ń di ẹrù inú yàrá. Àkàbà yọ lójijì, kò sẹ́ni tó pè é. Balógun wò ó, ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó sì ní, "Mú orí, kí n mú ẹsẹ̀." Wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ gba àtẹ̀gùn tóóró náà, wọn kò sọ nǹkan kan ju "rọra" àti "yà sápá ọ̀tún" lọ. Kóòṣì tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú àga kan lọ́wọ́. Nígbà tí ọkọ̀ ẹrù fẹ́ gbéra, Balógun dọ̀bálẹ̀ fún Kóòṣì, ó bọ Àkàbà lọ́wọ́, ó sì gòkè sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀.

Ìyàwó Kóòṣì padà sókè lọ gbálẹ̀ yàrá. Àkàbà ṣì dúró sí ojú títì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì rọ̀ sílẹ̀.

"Bàámi, ṣé a máa pàdé ní gbọ̀ngàn lọ́la?"

"A máa pàdé."

"Àwa mélòó ló kù?"



"Ṣáà máa bọ̀," ni Kóòṣì wí.