Oòrùn Ò Tíì Wọ̀ Lọ́dọ̀ Yaqub

"Làtíìfù! Sáré wá wo ilé àbúrò ẹ!" Mummy ké láti inú ilé.

Làtíìfù ò lè sáré. Lífìtì ilé wọn ní Peckham ti kú láti ọjọ́ Ajé, àjà karùn-ún ni wọ́n sì ń gbé. Àpò ìrẹsì Mummy ló gbé láti Rye Lane, òógùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún odò Thames. Àárọ̀ ṣì ni, ìṣínu jìnnà bí ọ̀run.

Nínú fóònù, Yaqub ń fi fèrèsé han Mummy. Ní Ṣáínà, wọ́n kó odindi ìlú sínú ilé kan: ọjà nísàlẹ̀, ọ́fíìsì láàárín, òtẹ́ẹ̀lì lókè. Fúláàtì tí iléeṣẹ́ Yaqub fún un wà ní àjà kẹrìndínlọ́gọ́rùn-ún. Ẹyẹ tó bá ń lọ síbẹ̀ á sinmi lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà.

"Mummy, bí mo ṣe sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí ẹ bá wá máa gbé lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn Ìtúnu, ìṣẹ́jú kan ni lífìtì máa fi gbé yín dókè."

"Ọmọ mi àtàtà!"

Owú há Làtíìfù lọ́fun bí eegun ẹja. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń mú Mummy lọ ọsibítù, Yaqub wá fẹ́ fi fèrèsé gbà á! Ìdí nìyí tó fi ri pásípọ́ọ̀tù Mummy mọ́ inú gàrí níjẹta.

"Yaqub, ṣé àwọn màláíkà kì í kanlẹ̀kùn pé kó o dín ariwo kù?" Làtíìfù bi í.

Yaqub rẹ́rìn-ín. Ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́ ní Ṣáínà. Fóònù rẹ̀ pe ìrun, ó mú dàbínù láti fi ṣínu.

"Dúró!" Làtíìfù kígbe. "Kí ló ń tàn lẹ́yìn ẹ yẹn?"

Oòrùn ni. Ó ti wọ̀ lójú àwọn tó wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n láti òkè yẹn, Yaqub ṣì ń rí i.

"Sọ dàbínù yẹn sílẹ̀," Mummy wí. "Ẹni tó bá ṣì ń rí oòrùn kì í ṣínu."

Ẹ̀rín Làtíìfù mi fèrèsé títí dé New Cross. "Ọ̀gá àwọsánmà! Àwọn tó wà nílẹ̀ ti ń jẹun o!"

Yaqub gbé fóònù sórí tábìlì. Ìgbà náà ni Làtíìfù rí i: abọ́ kan, ife kan, àga kan.

"Bọ̀dá mi, ẹ má tíì lọ sí ṣíìfù yín níbi iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó títí á fi wọ̀. Láti ìgbà tí ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, èmi nìkan ni mo ń ṣínu."

Làtíìfù jókòó. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tí wọ́n fi dúró de oòrùn gùn ju ọdún mọ́kànlá lọ. Nígbà tí oòrùn wọ̀, Yaqub fi dàbínù sẹ́nu.

Làtíìfù wọ kíṣìnnì, ó kiwọ́ bọ ike gàrí, ó gbọn pásípọ́ọ̀tù náà, ó gbé e síwájú Mummy.

Mummy ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ta ló ń tẹ̀bà nínú ilé yìí? Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti rí i. Mo kàn ń bu gàrí yí i ká ni."