Ibi Tí Bíìtì Náà Ti Ń Kọsẹ̀

Kò kọsẹ̀. Mo tún un gbọ́, mo gbé fóònù lé etí pátápátá, kò kọsẹ̀ náà ni. Ìlù ń bọ̀, dùùrù ń tẹ̀ lé e, wọ́n dé ibi tó yẹ kí gbogbo wọn ti ṣubú lu ara wọn... wọ́n sì kọjá. Wọ́n kọjá wẹ́rẹ́, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ rí.

Bàbá Abẹ́rẹ́ tó ń ta àwo orin ló fi í ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ yìí, tòun ti ohùn ara rẹ̀ ṣáájú orin. “Ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n ti tún àwo rẹ yẹn tẹ̀ o. Ó ti dé ọwọ́ mi. Mo jókòó tì í, mo fara balẹ̀, n ò gbọ́ ìkọsẹ̀ kankan. Tó o bá dé nírọ̀lẹ́, wàá fi hàn wá.”

Màá fi hàn wọ́n. Kí ni mo fẹ́ fi hàn?

Ẹ jẹ́ kí n lọ ṣẹ́ẹ̀tì yìí ná. Ti tíṣà ni, ó ń bọ̀ wá gbà á. Kọ́là ṣáájú, lẹ́yìn náà èjìká, lẹ́yìn náà apá — bí mo ṣe ń ṣe é nìyí láti ìgbà tí mo ti ń ṣe alágbàfọ̀. Áyọ́ọ̀nù á lọ, á bọ̀, pẹ̀lú ìlù. Tó bá wá kan ibẹ̀, ìlù á sáré dé kí n tó retí rẹ̀, ọwọ́ mi á fò sókè, ooru á jáde. Fùú. Ọwọ́ mi ti mọ ọ̀nà náà ju èmi alára lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo ń gbọ́ ti inú fóònù yẹn, tí ọwọ́ ń dúró de ìkọsẹ̀ tí kò wá, áyọ́ọ̀nù jókòó sẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀tì tíṣà bí àlejò tí kò fẹ́ lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ òórùn. Díẹ̀ ló kù kí bàbá tíṣà yìí lọ dúró níwájú kíláàsì pẹ̀lú àmì áyọ́ọ̀nù lẹ́yìn.

Àwọn kan fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Àwọn kan, ẹyẹlé ni wọ́n ń sìn. Èmi, bíìtì kan ni... ọmọkùnrin kan tí n ò mọ̀ rí ló jókòó nínú yàrá tó ń sùn, ó gé dùùrù díẹ̀ lára àwo àtijọ́, débi pé èèyàn ṣì ń gbọ́ eruku tó ń ta pàrà lábẹ́ rẹ̀. Ó gbé ìlù lé e, ìlù híp-họ́ọ̀pù tó wúwo, tó rọra ń fà sẹ́yìn, tó ń gbá ni láyà. Kò pe ẹnikẹ́ni wá ṣe ráàpù lórí ẹ̀. Bíìtì gbẹrẹfu. Rédíò ò gbé e rí, àwo tó tẹ̀ ò sì ju èyí tó lè pín fún àdúgbò kan lọ. Ojú kejì, orin kẹta. Kò tiẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ.

Àwọn oníbàárà mi á dúró ní kántà, wọ́n á na etí. “Ìgbà wo ni ẹni tó ń kọrin máa bẹ̀rẹ̀?” Kò ní í bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á wo ojú mi, wọ́n á wo aṣọ wọn, wọ́n á rọra kà á bóyá ó pé. Ayọ̀ ló ń pa mí nígbà yẹn, wọn ò lè mọ̀.

Ṣùgbọ́n ìkọsẹ̀ yẹn! Òun ni mo ti ń wàásù. Ẹnì kan máa ń gbé àwo kan wá sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Abẹ́rẹ́, yóò sọ ohun tó rí nínú rẹ̀, àwa tó kù á gbọ́, a ó jiyàn títí wọn ó fi ní ká máa lọ sílé. Èmi ò gbé tèmi lọ rí. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ họ. Ẹnu lásán ni mo fi ń gbé e lọ. Ọmọ yẹn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ kí ẹsẹ̀ ìlù kọ kí ẹ lè mọ̀ pé èèyàn ló ṣe é, kì í ṣe ẹ̀rọ. Mo ń ju ọwọ́. Awakọ̀ takisí tó wà láàárín wa fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi mí jẹ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìkọsẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ òní ló wá kàn mí. Òní yìí náà ni ìyàwó mi, tí kì í bá mi lọ, wá ní òun ń bọ̀. “Mo ti gba àyè níbi iṣẹ́. Kí n má sí níbẹ̀ kẹ̀?” Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń wọ bàtà. Kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín?

Wọ́n ti tún un ṣe ni. Bẹ́ẹ̀ ni! Àwọn tó tún un tẹ̀ ló bà á jẹ́. Wọ́n rí ibi tó rí gbágungbàgun, wọ́n ní àwọn fẹ́ tún un ṣe, wọ́n lọ̀ ọ́ bí ẹni lọ aṣọ... Màá sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá Abẹ́rẹ́. Màá ní —

Ọkàn mi ní, gbé àwo tìrẹ wá síbi fèrèsé ná.

Kí ni n óò máa gbé e síbi fèrèsé fún?

Gbé e wá.

Ó dáa. Mo nu ọwọ́. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá etí rẹ̀ mú, bí mo ṣe ń ṣe. Mo yí i síwájú oòrùn, mo yí i sẹ́yìn... Ìlà kan wà níbẹ̀. Tín-ín-rín, kò nípọn ju irun orí lọ. Orin kẹta gan-an ló là kọjá.

Háà.

Nítorí náà, ojú àpá ni mo ti ń wàásù. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ń dé ibẹ̀, ó ń fò, èmi ń pariwo pé ẹ wá wo ọgbọ́n. Ojú ń tì mí nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò sí ẹnikẹ́ni. Mo tún tẹ ti inú fóònù. Ó dùn. N ò ní parọ́, ó dùn gan-an. Àmọ́ ó dà bíi kí n wọlé kí n bá ẹnì kan tó jọ ìyàwó mi. Ohun tó ń dùn mí gan-an kì í ṣe àwọn ará ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó bó ṣe wù wọ́n. Ohun tó ń dùn mí ni pé bóyá bíìtì tí mo fẹ́ràn jù láyé kò tiẹ̀ sí. Kò sẹ́ni tó ṣe é.

Ta ló tiẹ̀ họ ọ́? Èmi tí mo ń fọ ọwọ́ kí n tó mú un? N kì í yá èèyàn. N kì í gbé e jáde. Kò sí ọjọ́ kan tí mo lù ú tí kò kọsẹ̀. Àfi...

Àfi ọjọ́ àkọ́kọ́.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á bọ̀. Orí kántà ni ẹ̀rọ tí mo fi ń lu àwo ṣì wà nígbà yẹn, n kò tíì kan pákó mọ́ ògiri fún un. Ojú kìíní parí, mo yí i. Nọ́ọ̀sì kan wọlé wá gba yunifọ́ọ̀mù rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń lù yìí?” Bíìtì ni. “Ẹni tó ń kọrin dà?” Kò sí. “Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ló wí, “ariwo ẹnu ti pọ̀ jù níbi iṣẹ́ wa.” Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Èjìká tẹ̀ lé e. Ó kẹ̀yìn sí kántà, ó ju ìdí sápá kan —

Gbì.

Àwo ké kírrr. “Yéè, ẹ má bínú o.” Mo ní kò ṣe nǹkan kan. N ò wo àwo. Ká sòótọ́, níbo ni mò ń wò?

Ìdí rẹ̀ ni. Ìkọsẹ̀ mi, ìwàásù mi, oyè mi, gbogbo rẹ̀, ìdí nọ́ọ̀sì tó ti di ìyàwó mi ni.

Tóò, ó mọ̀ ńkọ́? Dúró ná. Gbogbo ìgbà tí mo bá lu àwo yìí tó wà ńtòsí, kódà tó bá ń ka aṣọ, tó bá ti kan ibẹ̀, á ju ìdí sápá kan. Gbogbo ìgbà. “Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn,” á wí. Èmi á máa ṣàlàyé fún un bí ọmọ yẹn ṣe gbọ́n tó. “Ó gbọ́n, ọkọ mi. Ó gbọ́n gan-an ni.” Á wá kọjú sí ògiri, ikọ́ á dé. Mo tilẹ̀ ra oògùn ikọ́ fún un nígbà kan!

Ó mọ̀. Láti ọjọ́ tá a ti fẹ́ra wa ló ti mọ̀. Ó ń wò mí bí mo ṣe ń yin ìdí rẹ̀ fáyé gbọ́, ó ń fi ikọ́ bo ẹ̀rín. Òun ló wá ń gba àyè níbi iṣẹ́ lónìí. Àbí kí lo rò?

Mò ń rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tíṣà. Mi ò tiẹ̀ purọ́ fún wọn: mo ní èèyàn ló ṣe é, kì í ṣe ẹ̀rọ. Màá gbé àwo mi lọ. Tí wọ́n bá ní kí n fi hàn wọ́n, màá na ọwọ́ sí àga tí ìyàwó mi jókòó sí.

Apá kan ṣì kù kí n lọ̀. Mo gbé àwo lé ẹ̀rọ lórí pákó ara ògiri, ojú kejì, mo wá orin kẹta, mo mú áyọ́ọ̀nù. Ìlù wọlé. Dùùrù wọlé, tòun ti eruku rẹ̀. Ó ń bọ̀. Ó ń bọ̀ — ọwọ́ mi fò sókè, fùú, ìdí mi náà sì lọ sápá kan, ó gbá kántà. Gbì.

Kò ṣe nǹkan kan.