Àwọn Ẹlẹ́rìí Ihò Òjé

"Níbi igi wíwọ́ yẹn gan-an ni ẹnu ihò òjé wà," ni Bàbá Dírẹ́bà wí, ó sì na ọ̀pá rẹ̀ sí apá ìlà-oòrùn òkè. "Ibẹ̀ làwọn awakùsà ń gbà wọlé láàárọ̀. Tí wọ́n bá jáde nírọ̀lẹ́, wọ́n á bọ́ aṣọ tútù lọ́rùn, wọ́n á fi kọ́ irin tó wà lára igi náà kó lè gbẹ. Bàbá mi ló sọ ọ́ fún mi, bàbá tiẹ̀ ló sì sọ ọ́ fún un."

Obìnrin tó jókòó níwájú rẹ̀ na ọwọ́, ó dá fóònù tó fi ń gba ohùn dúró. Ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún ti aṣọ yẹn sọ."

"Aṣọ wo?"

"Èyí tí wọ́n ń fi kọ́ igi."

"Àbí etí tìẹ náà ti ń di bíi tèmi ni?" Bàbá Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ akérò ló fi gbogbo ayé rẹ̀ wà kó tó fẹ̀yìn tì, títí di òní ló sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ẹ́ńjìnnì ń dún lábẹ́ ìjókòó rẹ̀. "Aṣọ tútù ni mo ní! Inú ihò máa ń sun omi. Gbà á sílẹ̀ dáadáa o, ìyàwó wa. Ìtàn ńlá ni."

Orí obìnrin náà gbóná. Ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn kì í ṣe ìtàn rárá. Àwàdà ni. Òun fúnra rẹ̀ ló dá a, nínú ilé ìdáná rẹ̀, lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí irin ìkọ́ kan tó ti dípẹtà lára igi náà. Ó ní bóyá ibẹ̀ làwọn awakùsà ń sá aṣọ sí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbàgbé. Òun náà ló dá a sọ fún ara rẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ẹnu ihò wà nítòsí ibẹ̀. Àwàdà náà ló wá di ohun tí bàbá ń sọ fún ọmọ láti ìran dé ìran yìí!

"Bàbá, ṣé bàbá yín ṣiṣẹ́ nínú ihò òjé ni?"

"Bàbá mi kẹ̀? Káfíńtà ni bàbá mi. Tí iná bá kú báyìí, á máa pe orúkọ ìyá rẹ̀."

Ìyá Máàpù ni gbogbo àfonífojì náà ń pe obìnrin yìí. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkè ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó sì ti pẹ́ tó ti ń fẹsẹ̀ wọn orí òkè, tó ń ya gbogbo gegele àti kòtò rẹ̀ sórí bébà. Nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ kọ́ táǹkì omi ńlá sórí òkè náà, kí omi lè máa ṣàn wá sílé oníkálùkù láìsí ẹ́ńjìnnì, òun ni wọ́n bẹ̀ pé kó wádìí ibi tí ihò òjé àtijọ́ wà. Ihò náà ti di títì kí ọ̀pọ̀ àwọn àgbà tó wà láyé tó dáyé, kò sì sí àwòrán rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ibi méjì péré ló tẹ́jú tó lára òkè láti gba táǹkì: ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi wíwọ́, èkejì ní apá ìwọ̀-oòrùn, lókè ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìyá Máàpù lọ láti ojúlé dé ojúlé. Gbogbo àgbà ló sọ pé ẹ̀bá igi wíwọ́ ni ihò wà. Nítorí náà, apá ìwọ̀-oòrùn ni ẹnjiníà yàn. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀ bí kò bá ṣe katakata tó la ọ̀nà lọ sókè láàárín ọ̀sẹ̀. Ìyá Máàpù ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀ nígbà tó rí i pé ilẹ̀ pupa dópin lára ibi tí katakata gé, òkúta wẹ́wẹ́ ló kù. Ó ṣa díẹ̀ sọ́wọ́. Òkúta tí omi bá gbé wá máa ń jọ̀lọ̀ bí ẹyin; ìwọ̀nyí mú létí bí àwo tó fọ́. Èèyàn ló fi òòlù fọ́ wọn. Awakùsà kì í sì í ṣe wèrè: kò sẹ́ni tó máa ru òkúta tí kò wúlò gun òkè. Bó bá ṣe tì í jáde lẹ́nu ihò ni yóò dà á sísàlẹ̀. Ẹni tó bá rí òkìtì, kó gbójú sókè, ẹnu ihò kò ní jìnnà. Ìyá Máàpù gbójú sókè, ibi tí wọ́n fẹ́ gbé táǹkì sí ló rí. Ó sáré lọ wo abẹ́ igi wíwọ́. Òkúta jíjọ̀lọ̀ àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ ló bá níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi padà wá bá Bàbá Dírẹ́bà, ẹni tí kò mẹ́nu kan aṣọ rárá nígbà àkọ́kọ́.

"Ẹ dákun sà, ẹ má bínú. Ta ló sọ ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn fún yín?"

Bàbá Dírẹ́bà wo bàtà rẹ̀. "Ṣé kò dùn ni?"

"Ó dùn, sà. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn."

"Ó dáa. Ìyá ọkọ ẹ ni. Níbi tá a ti ń tò láti rí dókítà. Ó ní tó o bá wá, ká má jẹ́ kó o lọ lọ́wọ́ òfo."

Nígbà tó délé, ìyá ọkọ rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà lórí àpótí lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Màmá, kí lẹ sọ fún àwọn àgbà lọ́sibítù?"

"Mo kí wọn."

"Màmá."

"Mo ní kí wọ́n ràn ẹ́ lọ́wọ́. Ṣé ó di ẹ̀ṣẹ̀ ni? Ojoojúmọ́ lò ń wọlé bí ẹni tí agbọ́n ta, 'Wọn ò rántí nǹkan kan, wọn ò rántí nǹkan kan.' Mo ní, ìyàwó tèmi kọ́ ni wọ́n máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílùú yìí. Mo bá sọ ohun tí wọ́n máa sọ fún wọn. Èyí tó bá gbàgbé, mo tún un sọ fún un. Ìyá Oníbúrẹ́dì tiẹ̀ fẹ́ fi ẹṣin kún un, mo ní rárá o, kò sí ẹṣin nínú èyí tí ìyàwó mi sọ."

"Níbo lẹ ti gbọ́ èyí tí mo sọ?"

"Nínú ilé yìí náà ni! Tó o bá ń dá sọ̀rọ̀ nídìí ìkòkò, ṣé o rò pé ìkòkò ló ń gbọ́ ni?"

Ìyá Máàpù fara ti ògiri. Ó fẹ́ pariwo, ẹ̀rín ló ń gbọ̀n ọ́n. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, omi ló ń bọ̀ lójú rẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń bá ẹni tó ṣeni lóore báyìí jà?

Ọkọ rẹ̀ wọlé láti ṣọ́ọ̀bù, ìbòjú iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lágbárí. Wẹ́dà ni. Òun ni wọ́n gbéṣẹ́ irin ẹsẹ̀ táǹkì náà fún. Ó tẹ́tí sí gbogbo ọ̀rọ̀ náà lórí ìdúró.

"Ṣé ó dá ẹ lójú pé ihò wà níbẹ̀?"

"Kò dá mi lójú."

"Kò dá ẹ lójú, o sì fẹ́ dáṣẹ́ dúró. Mo ti ra irin o! Mo ti gé e! Irú iṣẹ́ yìí, ìgbà wo ni mo tún máa rí i? Wọ́n ní igi wíwọ́ ní í da iná rú. Tìẹ yìí, iṣẹ́ mi ló dà rú."

"Ẹ wo bí táǹkì yẹn ṣe máa wúwo tó nígbà tó bá kún. Tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ bá ṣófo, orí àwọn ọmọ iléèwé ló máa wó sí."

"Ẹnjiníà ò ní gbọ́. Ohun tí gbogbo àgbà sọ ló máa tẹ̀ lé."

Ó ti ń tẹ nọ́ńbà ẹnjiníà kí ọkọ rẹ̀ tó sọ̀rọ̀ tán.

"Màdáámù, kò yé mi," ni ẹnjiníà wí. "Gbogbo àgbà àfonífojì yìí ló sọ ohun kan náà. Ẹ̀yin lẹ gbé ohùn wọn wá fún mi. Ẹlẹ́rìí mélòó lẹ tún fẹ́?"

"Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni, sà."

"Ta ni?"

"Èmi ni."

Ìyá Máàpù ṣàlàyé fún un, ti òkúta, ti àwàdà aṣọ, ti ìlà ọ̀dọ̀ dókítà. Bó ti ń sọ ọ́ ni ìtìjú ń rìn ín lára bí èèrà. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti dáwọ́ ẹ̀wà dúró, ó ń gbọ́.

"Kí ni kí n wá sọ fún ọ̀gá mi?" ni ẹnjiníà wí níkẹyìn. "Pé tíṣà jẹ́rìí fún ara rẹ̀ lóríṣiríṣi ohùn? Mi ò lè dá katakata dúró nítorí òkúta tó mú létí. Ẹ fi ihò hàn mí kó tó di Mọ́ńdè. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibẹ̀ la máa kọ́ ọ sí." Ó pa fóònù.

"Ẹ gbọ́ o!" ni ọkọ rẹ̀ wí. "Kó lọ wá ihò wá, bí ẹni ń wá ewúrẹ́ tó sọnù." Ó jáde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fa ilẹ̀kùn yọ. Ìyá Máàpù rò pé ó bínú lọ ni, àfi bó ṣe gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìjórin. Nígbà tó padà, irin gígùn kan ló mú dání, ó ti jó méjì pọ̀, ó sì ti lọ ẹnu rẹ̀.

"Lọ́la," ó ní. "Tí kò bá sí ihò, ohun tí mo máa sọ fún ẹ, wàá fi etí ara ẹ gbọ́ ọ."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà lórí òkè, nítorí Màmá yarí pé wọn ò ní fi òun sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí òun dá sílẹ̀. Wọ́n dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì délẹ̀ fún un, ó jókòó lé e. Ọkọ gbé òòlù ńlá, ó ń gbá irin wọlẹ̀. Kò wọlẹ̀ ju ìwọ̀n orókún lọ tó fi dúró, ó ń dún gbangan.

"Òkúta."

Wọ́n sún síwájú.

"Òkúta. Òkúta nìyí o, Ìyá Máàpù. Òkè la wà, kí la rò pé a máa bá?"

"Ẹ dúró ná." Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sórí òkìtì náà, ó dúró síbi tí wọ́n ti ń da òkúta nù látijọ́, ó kọjú sí òkè. Ẹni tó bá ń ti bárò tó kún kì í yà bàrá, ọ̀nà tó tẹ́ tó sì tọ́ ló ń fẹ́. Ó fojú tọ ọ̀nà náà láti ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ. Níbi tí òkè ti gbéra lẹ́yìn ibi títẹ́jú náà, ilẹ̀ ibì kan rọ̀ wọnú díẹ̀ bí ìrọ̀rí tí wọ́n gbórí kúrò lórí rẹ̀. "Ẹ lọ sẹ́yìn! Ẹ tún lọ sẹ́yìn! Ibẹ̀ yẹn!"

"Ṣé kí n wọnú òkè ni?" ó ń kùn, ṣùgbọ́n ó lọ. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kan. Irin wọlẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó tún gbá a. Irin náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wọlẹ̀ tán pátápátá. Wọ́n gbọ́ tó kan òkúta, ó tún kan òkúta, lẹ́yìn náà wọ́n gbọ́ omi.

Ọkọ wo ọwọ́ rẹ̀ tó ṣófo. Ó fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀, ó gbé ìyá rẹ̀ tòun ti bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

"Pè é," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò le mọ́.

Ẹnjiníà ní kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ibẹ̀. Kò ní sí katakata lọ́jọ́ Ajé. Ìgbà tí iṣẹ́ yóò tó bẹ̀rẹ̀, òun náà kò lè sọ. Ọkọ jókòó sórí koríko, ó ń ronú irin tó ti gé sílẹ̀.

"Ẹ̀bá igi wíwọ́ wá ńkọ́? Ṣé ibẹ̀ dáa?"

"Mi ò mọ̀," ni Ìyá Máàpù wí. Ó ti pẹ́ tó ti sọ bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn fún ẹnikẹ́ni nípa òkè yìí. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀.

Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó yọ fóònù rẹ̀, ó ṣí i.

"Màmá, nínú gbogbo àgbà, ẹ̀yin nìkan ni mi ò tíì bi léèrè. Kí lẹ mọ̀ nípa òkè yìí?"

Màmá tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó wú ikọ́ bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú ìjọ. Ó wá tẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Èwo lo fẹ́ kí n sọ?"

Ìdáhùn ti dé ẹnu Ìyá Máàpù. Ó fi eyín tẹ ètè rẹ̀ kó má baà tún fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí Màmá lẹ́nu, ó gbé fóònù sáàárín àwọn méjèèjì, ó sì ń dúró.