Ẹyin Tí Ìbídùn Kò Jẹ

Àlá tí mo fẹ́ rò fún yín yìí, ọ̀sán gangan ni wọ́n lá a, orí tábìlì ni wọ́n sì sùn sí lá a. Ìbídùn ló ni àlá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, nítorí ó ti rẹ èmi tí mò ń sọ ọ́ pàápàá.

Ẹ̀kọ́ ìṣirò ni Ìbídùn ń kọ́ ní yunifásítì. Àmọ́ òfin ilé ìwé wọn ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ẹ̀kọ́ kékeré kan mọ́ ti ẹ̀ka rẹ̀, ló bá lọ mú ẹ̀kọ́ oúnjẹ àwọn eléré ìdárayá. Ó rò pé ìyẹn á rọ òun lọ́rùn. Àṣé wàhálà ló lọ fọwọ́ fà: ohun tí ẹni tó ń sáré gbọ́dọ̀ jẹ, ìgbà tó gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́, iye omi tó gbọ́dọ̀ mu. Iṣẹ́ àṣekágbá wọn wá ni pé kí kálukú máa kọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ bá jẹ sílẹ̀ fún ọjọ́ méje, kó sì mú un dé ọ̀dọ̀ Dókítà Adégbìtẹ́, ìyá tó ń kọ́ wọn, kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ keje tó lù. Ẹni tí kò bá yege, ó di ọdún tó ń bọ̀ kó tó kúrò nílé ìwé.

Kí ni Ìbídùn jẹ? Gàrí ni. Gàrí láàárọ̀, gàrí lálẹ́, ìgbà míì omi lásán. Ojú tì í láti kọ ọ́. Gbogbo kíláàsì sì ti gbà láàárín ara wọn pé ẹni tó bá jẹun gidi ni Dókítà máa fún ní máàkì gidi. Ló bá kọ ẹyin, ó kọ ẹja dídín, ó kọ ìbẹ́pẹ. Bó ṣe kọ ọjọ́ kẹfà tán, oorun gbé e lọ.

Ó bá ara rẹ̀ lórí pápá, ó ń sáré ìje. Ìwé tó kọ oúnjẹ sí ló gbé dání, ó sì wúwo bí ọlọ.

"Gbé mi sílẹ̀ jàre," ni ìwé wí. "Ẹja mẹ́fà ni mo pọ̀n, kò sí ọ̀kan tó wọ ikùn ẹnikẹ́ni nínú wọn."

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ni Ìbídùn dáhùn. "A ò ní pẹ́ débẹ̀ mọ́."

Kò yà á lẹ́nu. Bó bá ti rẹ èèyàn tó bẹ́ẹ̀, kí ló tún kù tó lè yà á lẹ́nu?

Pápá náà kò parí, ṣe ló di àtẹ̀gùn. Òkè àtẹ̀gùn ni ọ́fíìsì Dókítà wà, ó ń léfòó nínú afẹ́fẹ́. Okùn ni wọ́n fi so ó mọ́ igi máńgòrò kó má bàa fò lọ. Àga mẹ́rin tò sẹ́nu ọ̀nà, àwọn náà fẹ́ rí Dókítà. Ìbídùn tò sẹ́yìn wọn.

"Ṣé ó ti pẹ́ tí ẹ ti wà níbí?" ó bi àga tó gbẹ̀yìn.

"Láti ọdún tó kọjá ni," ni àga wí. "Wọ́n ní ká lọ ká bọ̀."

Nígbà tí wọ́n pè é wọlé, ẹyin mẹ́fà ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹja dídín kan dé fìlà, ó jókòó tì wọ́n. Ẹjọ́ ni wọ́n wá rò.

"Dókítà, ọmọ yìí kọ orúkọ wa sílẹ̀ pé òun jẹ wá," ni àwọn ẹyin wí. "A ò mọ̀ ọ́n rí o."

"Inú ìwé ni èmi àti ẹ̀ ti pàdé," ni ẹja wí.

Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí àpò gàrí fi wọlé, ẹkún ló ń sun. "Èmi tí mò ń gbé e dúró láti ọjọ́ yìí, kò dárúkọ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣé mo burú tó bẹ́ẹ̀ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ìbídùn ju ti ẹja lọ. Ó yíjú sí Dókítà kó lè ṣàlàyé, irùngbọ̀n ti yọ lágbọ̀n ìyá náà, ìwo sì ti ń tẹ̀lé e. Ó di ewúrẹ́ pátápátá, àmọ́ awò ojú rẹ̀ ò já bọ́. Ìbídùn ṣì kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ káàsán, mà."

"Káàsán. Ọjọ́ kìíní, kí lo jẹ?"

"Ẹyin méjì, mà."

Ewúrẹ́ fi ẹnu fa ojú ìwé àkọ́kọ́ ya, ó jẹ ẹ́. "Ọjọ́ kejì?"

"Ẹja, mà."

Ó jẹ ìyẹn náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a bọ̀ títí tó fi ku ojú ìwé kan ṣoṣo, èyí tí Ìbídùn ò tíì kọ nǹkan kan sí.

"Òní ńkọ́?" ni ewúrẹ́ bi í. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ìwọ tó o mọ ohun tí gbogbo eléré ìdárayá gbọ́dọ̀ jẹ, kí lo jẹ lónìí?"

Ìbídùn rò ó títí, kò rí nǹkan kan dì mú. Ó rẹ̀ ẹ́ dénú egungun. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"N ò tíì jẹun, mà," ó wí.

Ewúrẹ́ fi pátákò kan tábìlì lẹ́ẹ̀mẹ́ta: kò, kò, kò.

Ìbídùn lajú. Kò, kò, kò. Sàkírátù tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ló ń fi ẹyin sísè gbá etí tábìlì, kó lè ráyè bó o.

"Mo ti gbọ́ pé o ò tíì jẹun," ni Sàkírátù wí. "O ń pariwo ẹ̀ lójú oorun, o tún ń pè mí ní mà. Méjì ni mo sè. Gba ọ̀kan."

Ìbídùn gbé ẹyin náà dání, ó wò ó bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ. Ẹyin ò fọhùn. Ó rọra jẹ ẹ́ tán, ó wo aago: aago mẹ́ta ti kọjá dáadáa. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ fa ojú ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ya. Ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó kọ gàrí àti omi títí dé ọjọ́ kẹfà. Ní ọjọ́ keje, ó kọ ọ́ pé: ẹyin kan, Sàkírátù ló fún mi.

Sàkírátù yọjú wo ìwé náà láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó lanu.

"Ìbídùn, ṣé èyí lo fẹ́ kí Dókítà rí?"

"Wọ́n ti rí i," ni Ìbídùn dáhùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà rẹ̀.